Níbo ló yẹ kéèyàn tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí lórí fóònù?

Oníṣòwò tó ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ ohun tí wọ́n sọ nípàdé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ohun tí olùkọ́ wí, fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò báyìí dípò ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì kò sì rí bákan náà.

Èkíní ni áàpù àkọsílẹ̀, irú bíi Evernote, tó ti wà láti ọdún 2008, àti Google Keep, tó jáde lọ́dún 2013. Ẹni tó ń lò ó lè fi àwòrán kún ọ̀rọ̀, ó sì lè ní kí fóònù rán òun létí lọ́jọ́ tí gbèsè bá pé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà yóò lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni áàpù. Bí olè bá jí fóònù gbé, olówó rẹ̀ yóò tún rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù mìíràn, bó bá ṣáà ti rántí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó kó ẹrù sílé onílé, àṣẹ onílé ni yóò tẹ̀ lé. Láti oṣù Kejìlá, ọdún 2023, Evernote fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá sanwó kò gbọdọ̀ ní ju àkọsílẹ̀ 50 lọ. Wọn kò pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá iye yẹn kò lè kọ tuntun mọ́, àfi kó sanwó tàbí kó pa lára ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Èkejì ni áàpù tó ń kọ fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, irú bíi Markor tó wà fún fóònù Android. Kò sí àwòrán nínú fáìlì bẹ́ẹ̀, kò sì ní ránni létí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ló lè rí i kà, a sì lè fi Bluetooth gbé e láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fi ìlànà UTF-8 tọ́jú rẹ̀, àmì ohùn àti àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní bàjẹ́. Ewu rẹ̀ ni pé bí fóònù bá kú láìsí ẹ̀dà níbòmíràn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí wọ́n fẹ́ rà lónìí àti ìpàdé ọ̀la, áàpù àkọsílẹ̀ ló bá wọn mu. Ìwé gbèsè, ìpinnu ẹgbẹ́ àti ìtàn ìdílé, tí wọn yóò ṣì máa wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ló yẹ wọ́n, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi méjì, ó kéré tán. Ní ti nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì, kò yẹ kó wà nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.