Ìjókòó àti Ìmọ́lẹ̀ nínú Fọ́tò Yorùbá

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Òtítọ́ òwe yìí hàn gbangba nínú ilé onífọ́tò. Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ ilé kan ní Festac Town tàbí ní apá ibòmíràn ní Amuwo-Odofin, kò níí ṣòro kí ó bá fọ́tò bàbá tàbí ìyá àgbà lára ògiri: ó jókòó, ó kọjú síwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní a máa wí pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti le jù, pé ó dà bí ère. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n inú ohun tí wọ́n kà sí àbùkù yìí gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ fọ́tò ti pẹ́ ní Èkó. Ní 1895 ni George Da Costa bẹ̀rẹ̀ sí í fi í jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún ni a ti kọ́kọ́ fi ara balẹ̀ wádìí ìjókòó yìí dáadáa. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ síbẹ̀ ní 1975, ìwé àtìgbàdégbà African Arts sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ó ṣe àkíyèsí pé àgbà tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò a wọ aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù lọ. A ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ. A sì wo ọ̀kánkán láìrẹ́rìn-ín. Onífọ́tò kò sì gbọdọ̀ gé ẹsẹ̀ tàbí orí rẹ̀ kúrò. Kì í ṣe ìṣesí ọjọ́ kan ni wọ́n fẹ́ yà, bí kò ṣe ipò ẹni náà láwùjọ.

Òfin yìí bá ti agbẹ́gilére mu. Robert Farris Thompson, tí ó bi àwọn Yorùbá léèrè nípa ohun tí ń mú ère dára, kọ ìdáhùn wọn jáde ní 1973. Lára rẹ̀ ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Gígún wà níbẹ̀, èyí ni pé kí ó dúró ṣánṣán. Dídán náà wà níbẹ̀, kí ara rẹ̀ máa kọ mọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó ṣánṣán níwájú kámẹ́rà ń pa òfin gígún mọ́, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ti dídán ni ó kan ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onífọ́tò sì ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ tí í wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ka ohun gbogbo sí àwọ̀ eérú, tí í dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ọkọ ìyàwó bá wọ agbádá léèsì funfun, ẹ̀rọ náà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Léèsì á hàn kedere, ojú á sì di òkùnkùn. Àwọn tí ń ṣe fíìmù àwọ̀ pàápàá dá kún ìṣòro yìí: ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé ìtẹ̀fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì tí àwòrán obìnrin òyìnbó wà lórí rẹ̀ díwọ̀n àwọ̀ ara.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí onífọ́tò wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú ẹni tí ó jókòó, kì í ṣe láti ara aṣọ. Kí ó gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ga ju orí lọ díẹ̀, kí ó sì fi aṣọ funfun bo ojú iná náà kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀. Kí ó ta aṣọ funfun mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji. Bí ó bá sún iná mọ́ ènìyàn dé ìdajì ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Òjìji ni ó máa ń fi bí ojú funfun ti rí hàn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dán ní iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a fi ń mọ bí ojú dúdú ti rí. Ìdí nìyí tí agbẹ́gilére fi ń dán ère.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà. Ní Bamako, Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1948, a máa mú kí ènìyàn yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba ìyìn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ àṣà nù, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà fún. Ìlú tí a kọ́ láti gba àwọn òṣèré àjọ̀dún ènìyàn dúdú ti 1977 ni Festac Town. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí ojú dúdú bá di òkùnkùn nínú fọ́tò tí a yà níbẹ̀. Fọ́tò tí bàbá yà lónìí ni àwọn ọmọ yóò gbé síwájú pósí lọ́la, òun náà sì ni ọmọ-ọmọ tí a kò tíì bí yóò fi mọ̀ ọ́n.