Ṣé Tọ́ọ̀pù Sílíńdà Tuntun Ni Ìjàpá Nílò?

Ẹni tó gbé Èkó láyé ọjọ́un kò lè gbàgbé Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní 1975. Ọ̀kan ti 1970 wà lọ́wọ́ mi níbí ní Covington. Ọmọ mi ń yọ mí lẹ́nu pé ká pààrọ̀ tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ sí èyí tó ní ihò méjì tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kó lè bá àwọn tírélà sáré lórí I-20.

Mo ní ká kọ́kọ́ ṣírò owó. Volkswagen fúnra wọn ṣe àyípadà yìí fún ti 1971: ẹ́ńjìnnì 1600 kúrò ní horsepower 57, ó di 60. Mẹ́ta péré! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ ò lè ra tọ́ọ̀pù nìkan. Páìpù tó ń gbé epo wọlé náà gbọ́dọ̀ yí padà.

Ooru gan-an ló ń pa Ìjàpá, torí kò lo omi. Nínú ti 1970, oil cooler dínà afẹ́fẹ́ mọ́ sílíńdà kẹta, fáàfù tó ń tú èéfín jáde níbẹ̀ ló sì sábà máa ń jóná. Mo ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán láàárín ihò plọ́ọ̀gì àti ìjókòó fáàfù, kó sì pààrọ̀ fáàfù. Ibẹ̀ lowó wa lọ.

Ní gbogbo máìlì 3,000, ẹ wọn àlàfo fáàfù: íǹṣì 0.006, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn mọ́jú tó tutù. Bó bá fún jù, fáàfù ò ní jókòó dáadáa láti gbé ooru rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ jóná.