Ìpààrọ̀ Afẹ́fẹ́ Nínú Ilé Gbígbé ní Oré àti Òdígbó

Ẹ̀rọ agbooru-padà yàtọ̀ sí ẹ̀rọ amúlétutù. Afẹ́fẹ́ tí a ti mí ń jáde, afẹ́fẹ́ titun ń wọlé. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láìdàpọ̀, èyí tí ó gbóná sì fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tí ó tutù. Ètò yìí wà nínú ilé Passivhaus àkọ́kọ́, tí a kọ́ sí Darmstadt ní Jámánì ní 1990 sí 1991. Bí ìta bá wà ní ìwọ̀n 0 Celsius, tí inú ilé wà ní 20, ẹ̀rọ tí ó ń gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún padà yóò sọ afẹ́fẹ́ tí ń wọlé di ìwọ̀n 15. Èrè ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín inú àti ìta ni owó tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣòwò, owó náà kò sì pọ̀ ní Oré. Nínú ilé tí oòrùn ti ń yan páànù rẹ̀ láti òwúrọ̀, inú lè gbóná ju ìta lọ. Ta ni yóò fẹ́ gba irú ooru bẹ́ẹ̀ padà? Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá tilẹ̀ mú yàrá wá sí 26 nígbà tí ìta wà ní 32, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé yóò di 27.5: èrè ìwọ̀n 4.5 péré. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ igbó kìjikìji yóò sì bá a wọlé, àfi bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tí ń pààrọ̀ ọ̀rinrin pẹ̀lú. Fèrèsé lúfà, tí kì í pa dé tán, yóò tún máa tú ìyókù dànù.

Ewu ibẹ̀ ni pé kí a dí gbogbo ihò ilé, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà nítòsí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Maxwell Fry àti Jane Drew gba ọ̀nà mìíràn nígbà tí wọ́n ya àwòrán ilé fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948: wọn kò kó yàrá sí ẹ̀yìn yàrá, ògiri oníhò sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá. Ilé ojú-kojú tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa kò ní àǹfààní yìí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fèrèsé yàrá wà, ìlẹ̀kùn sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn. Búlọ́ọ̀kù oníhò díẹ̀ lókè ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀, ni atẹ́gùn nílò láti là á já.