Iṣẹ́ Tó Wà fún Ọmọ Gouka Tó Kọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì àti Mọltimídíà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Gouka ní Benin tí ẹ ti gba lísáǹsì nínú íntánẹ́ẹ̀tì àti mọltimídíà, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi owó kajú san owó ilé-ìwé. Òbí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ pé: "Iṣẹ́ wo gan-an lo kọ́?" Ẹ má fi èdè Faransé dá wọn lóhùn. Ẹ mú fóònù yín jáde, kí ẹ fi ohun tí ẹ ti ṣe hàn wọ́n.

Ohun kan náà ni ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ yóò béèrè. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Kútọnu, ẹ ní ìkànnì kan tó ń ṣiṣẹ́ àti fídíò méjì mẹ́ta tí ẹ fọwọ́ ara yín gé. Bí ẹ kò bá tíì rí oníbàárà, ẹ ṣe é fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tàbí fún ilé-ìwé tí ẹ ti jáde.

Iṣẹ́ oṣù wà ní Kútọnu lóòótọ́. MTN, Moov àti Celtiis, tó dé ní 2022, ń lo ẹni tó mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì; báǹkì àti iléeṣẹ́ ìjọba nílò ẹni tó lè kọ ìkànnì kó sì máa tọ́jú rẹ̀; tẹlifíṣọ̀n àti iléeṣẹ́ ìpolówó kò lè ṣe láìsí ayàwòrán. Àmọ́ ẹ kò ní dá nìkan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn tó jáde ní yunifásítì Abomey-Calavi wà níbẹ̀, àwọn tí ilé-ìwé Epitech ń kọ́ láti 2019 náà wà níbẹ̀.

Nílé ńkọ́? Owó ibí kéré, ó sì ní àsìkò tirẹ̀: láti oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún tí wọ́n ń ṣa kajú ni ọwọ́ èèyàn máa ń yá láti náwó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bá onísìnkú àti onígbéyàwó sọ̀rọ̀ fídíò. Àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí Sohoui ní Savalou nílò àwòrán tó mọ́ àti ẹni tó máa bá wọn dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Láti 2020 tí service-public.bj ti ṣí, ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba, bíi casier judiciaire (ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́), la lè béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì; àgbà tí kò lè ka Faransé yóò sanwó fún ẹni tó bá fi sùúrù bá a ṣe é. Ẹ ka bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ ìnáwó yín o, iná SBEE kì í dúró de ẹni tó ń gé fídíò lọ́wọ́.

Ọjà kan wà tí ọmọ Kútọnu kò lè bá yín dù: èdè Itcha tí a ń sọ nílé. Àwọn àjọ ìlera àti ti ọ̀gbìn máa ń fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, lórí bí a ṣe ń sá kajú kó gbẹ dáadáa. Ẹni tó bá lè ya fídíò rẹ̀ kí ìyá àgbà Gouka gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀, ohun tí dípílómà kò fún un ló ní lọ́wọ́ yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dá iṣẹ́ tiyín sílẹ̀, orí monentreprise.bj ni ẹ ó ti forúkọ iléeṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa gbé ìròyìn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ HAAC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ ìròyìn. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti 2018 sì dáàbò bo ohun tó jẹ́ ti ara ẹni: ẹ má gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ sórí Facebook láìgba àṣẹ òbí rẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ oṣù, kó forúkọ sílẹ̀ ní ANPE, àjọ ìjọba tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ lórí MoMo kí òun tó fún yín níṣẹ́, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ sì tètè sọ fún òbí yín kí wọ́n má tíì ta kajú tó kù nílé.