Ariwo Fáàfù Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì

Bí wọ́n bá ṣáná sí Vespa òde òní láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, ohun kan a máa dún lábẹ́ àga rẹ̀: tí-tí-tí-tí. Ọkàn ẹlòmíì kì í gbà á. Á gbé e lọ bá mẹkáníìkì pé kó bá òun pa ariwo náà. Mẹkáníìkì tó ń wá ojúure oníbàárà á fún súkúrù fáàfù méjì mọ́, ariwo á dákẹ́, owó á wọlé. Nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀, máṣíìnì ò ní fẹ́ ṣáná láàárọ̀ mọ́, agbára tó fi ń gun òkè á sì dínkù. Gìrìgìrì àparò lásán ni ariwo ọjọ́sí. Ìgbà tó dákẹ́ ni ewu dé.

Àwọn tó gun Vespa láyé àtijọ́ ò mọ wàhálà yìí. Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti ń ṣe hẹlikọ́pítà kó tó kan alùpùpù, ló ya àwòrán rẹ̀ fún iléeṣẹ́ Piaggio ní Pontedera, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Ọdún 1946 ló jáde. Ẹ́ńjìnnì 98 cc ló gbé wá, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún. Kò ní fáàfù lórí rárá. Písítìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò, òun náà ló ń dí i, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Pílọ́ọ̀gì tó dọ̀tí àti èédú tó dí sàlẹ́ńsà ni mẹkáníìkì ìgbà náà ń bá jà. Ó di 1996 kí Vespa tó kọ́kọ́ lo fáàfù, ìyẹn ET4 125, tó bọ́ sọ́jà. Honda ti ṣíwájú wọn: Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní Japan lọ́dún 1958 ti ní fáàfù, ẹbí rẹ̀ sì ni C70 tí ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń rántí.

Fáàfù méjì ló sábà máa ń wà. Ọ̀kan ń gba atẹ́gùn àti bẹntiróòlù wọlé, èkejì ń tú èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan á ṣí, á sì padé ní ìgbà 3,000. Àádọ́ta ìgbà nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! Rọ́kà, irin tó ń tẹ fáàfù, gbọ́dọ̀ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, torí pé irin a máa gùn sí i bó bá gbóná. Lórí Honda C70, 0.05 mm ni àlàfo náà. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì nípọn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Máṣíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, inú ìwé tó bá a wá ló sì wà, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń ta páàtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́júpọ̀ nìyí. Bí rọ́kà tàbí kámù tó ń tì í bá ń jẹ, àlàfo á máa fẹ̀, ariwo á máa pọ̀. Gbogbo ayé á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí orí fáàfù bá ń jẹ wọnú ibi tó ń jókòó sí, ìdí rẹ̀ á máa sún mọ́ rọ́kà. Àlàfo á máa kéré, ariwo á máa rọlẹ̀, onímáṣíìnì á sì máa yin ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé ó ti balẹ̀. Ọjọ́ tí àlàfo bá tán, fáàfù ò ní lè padé dáadáa mọ́. Fáàfù èéfín ló ń jìyà jù. Ìgbà tó bá jókòó pa ló ń ráyè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ fún irin tó yí i ká. Bí kò bá ti jókòó, iná á máa gba etí rẹ̀ kọjá títí etí náà á fi jó.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Kí máṣíìnì sun mọ́jú lórí ìdúró, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Mẹkáníìkì á yọ pílọ́ọ̀gì, á ṣí ìdérí fáàfù, á wá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí àmì T tó wà lára mágínẹ́ẹ̀tì á fi bá àmì ara ilé rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ń ṣìnà níbí, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni T máa ń bọ́ síbẹ̀ kí fáàfù tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan péré ló sì wúlò. Bí rọ́kà méjèèjì bá ń mì díẹ̀ lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni. Bí wọ́n bá le, kó tún un yí lódindi. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì máa fà díẹ̀ bí wọ́n bá ń yọ ọ́. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì tó di súkúrù rọ́kà mú tán, kí wọ́n tún un wọ̀n, torí fífún yẹn a máa yí súkúrù.

Fáàfù nìkan kọ́ ló ń jẹ. Eruku ọyẹ́ tó bá gba inú fílítà tó ti ya kọjá á máa họ ríńgì àti ojú ibi tí písítìn ń rìn, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kò pé lítà kan. Díẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé lọ jó ti pọ̀, èéfín búlúù ló sì ń dà. Èéfín búlúù tó jáde fẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná, tó sì pòórá, sábà máa ń wá láti ara rọ́bà ìdí fáàfù. Èyí tó ń tẹ̀ lé máṣíìnì káàkiri ìgboro, ríńgì ni kí wọ́n fura sí. Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, wọ́n lè wọn kọ̀ńpúrẹ́ṣàn lójú ihò pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríńgì ló jẹ. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù ni.

Ọ̀pọ̀ ìwé máṣíìnì ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo àlàfo fáàfù ní 1,000 kìlómítà, nígbà tí àwọn irin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn. Èyí gan-an ni àwọn èèyàn ń fò jù, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì tí bébà iléeṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀?