Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Nígbà Tí Olùkọ́ Kò Sí Nítòsí

Ìtàn àbúrò mi kan ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ohun kan tí yóò kan gbogbo wa bí a bá dé iwájú kíláàsì.

Àbúrò mi yìí ti kọ́ èdè Faransé fún ọdún méjì ní yunifásítì, kò sì sí ìdánwò tí ó gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà ìsinmi, ó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọ̀nù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí a ń pè ní Dàhòmì títí di 1975. Ó dúró níwájú ìyá ọlọ́ṣẹ kan, ó fẹ́ béèrè iye owó, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò yí mọ́. Bí ìyá náà ti rí i pé òógùn bò ó, ó fi èdè Yorùbá ṣàánú rẹ̀. Ara tu ọmọkùnrin náà, àfi bí ẹni pé ó dé ilé! Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó lò níbẹ̀, Yorùbá ni ó ń sọ kiri, nítorí àwọn tí ó gbọ́ ọ kò wọ́n ní ìlú náà.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Olùkọ́ ni ó ń bá a yan ohun tí yóò kà, olùkọ́ ni ó ń sọ ìgbà tí yóò kà á, olùkọ́ náà ni ó sì ń sọ fún un bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjà Kútọ̀nù, ta ni yóò pàṣẹ fún un pé kí ó fi Faransé dáhùn?

Àwọn kan ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ṣáájú wa. Ní yunifásítì kan ní ìlú Nancy, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CRAPEL wà nígbà kan rí. Henri Holec, tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ ìwé kan fún Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, èyí tí a tẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1981. Èrò rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè di ìjánu ẹ̀kọ́ rẹ̀ mú fúnra rẹ̀: kí ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi èdè náà ṣe, kí ó yan ohun tí yóò kọ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ ọ, kí ó máa ṣọ́ ìrìn ara rẹ̀, kí ó sì lè wọn ohun tí ó ti mọ̀. Ó ní a kì í bí ọgbọ́n yìí mọ́ ènìyàn. Kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Olùkọ́ tí ó káwọ́ gbera, tí ó ní òun fún àwọn ọmọ ní òmìnira, ó kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni. Ní Nancy nígbà náà, olùrànlọ́wọ́ a máa jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, a bi í ní ohun tí ó ń fẹ́, a fi ibi tí ìwé àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà hàn án, wọn a sì tún padà pàdé láti yẹ iṣẹ́ náà wò.

Mo fi èyí lọ àbúrò mi. Ó wá páálí bàtà kan, ó pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn ilẹ̀ Jámánì, ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní 1972. Ó kọ ọ̀rọ̀ Faransé sí iwájú ègé páálí kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Èyí tí ó bá mọ̀ a bọ́ sí iyàrá tí ó tẹ̀ lé e. Èyí tí kò bá mọ̀ a padà sí ti àkọ́kọ́, ì báà ti dé ìkarùn-ún. Ti àkọ́kọ́ ni ó ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Àwọn ti ẹ̀yìn a máa pẹ́ díẹ̀díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí kì í ṣe ojúsàájú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú páálí kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Nítorí náà, ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, ó sì ń fi í wé ti àwọn tí ń ka ìròyìn lórí rédíò Kútọ̀nù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ pé òun kì í fi imú pe ohun tí ó yẹ kí òun fi imú pè.

Nígbà tí ó tún lọ, ó tọ ìyá ọlọ́ṣẹ náà lọ. Ìyá náà tún fi Yorùbá kí i. Ó fi Faransé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ fara da òun. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó gbà, ó sì fi Faransé fi owó lé ọṣẹ náà.