Kí ni òṣùká ń ṣe gan-an?

Ọ̀rọ̀ ẹrù la ní lónìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ti ọjà dé tí ọrùn àti ẹ̀yìn ń dùn.

Ṣé òṣùká máa ń dín ẹrù kù ni? Rárá o. Garawa omi 20 kílò, 20 kílò náà ni. Ó kàn ń pín in káàkiri orí ni. Ká ní ibi tí garawa fi kan orí jẹ́ sẹ̀ntímítà 5 lóòró, 4 níbùú. Ojú sẹ̀ntímítà kọ̀ọ̀kan yóò gba kílò 1. Bí òṣùká bá sọ ibẹ̀ di 10 lóòró, 10 níbùú, gíráàmù 200 péré ló kan ojú kọ̀ọ̀kan. Ohun tá à ń pè ní ìtẹ̀ nìyẹn. Òun náà ló jẹ́ kí okùn tín-ín-rín máa gé ni lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ wé e.

Ó wá kan bárò, kẹ̀kẹ́ onítáyà kan tí à ń tì. Ká ní ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí táyà ní sẹ̀ntímítà 120, ẹ sì di àgbàdo 60 kílò sí i. Bí àpò bá wà ní sẹ̀ntímítà 40 sí táyà, 20 kílò ni ọwọ́ yín máa gbé. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn dé 80, ó di 40 kílò! Ẹrù kan náà, bárò kan náà. Torí náà, ẹ ti ẹrù wúwo síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa rí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀, tó na ọwọ́ jìnnà láti gbé àpò, ìbàdí rẹ̀ ló dà bíi táyà yẹn. Iṣan ẹ̀yìn tó fẹ́ gbé e sún mọ́ ìbàdí, àpò sì jìnnà, iṣan á wá ṣiṣẹ́ ju ìwọ̀n àpò lọ fíìfíì. Ẹ sún mọ́ ẹrù, ẹ tẹ orúnkún, ẹ gbá a mọ́ àyà, kẹ́ ẹ tó dìde. Bó bá wúwo jù, ẹ pe ẹnì kejì. Bí ẹ̀yìn ríro bá ń sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ lọ ilé ìwòsàn, ẹ má fi ṣeré.

Táyà bárò tó bá jò, a máa rí òmíràn rà. Ẹ̀yìn ò sí lórí àtẹ.

Nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ fi àpò kan síwájú bárò, lẹ́yìn náà ẹ fà á sẹ́yìn, kí kálukú gbé e wò. Ó dìgbà kan ná o.